Ère Òkúta Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Lé Àbúrò Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Oṣù tó kọjá la sin àbúrò mi ní Abigi. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mi ò sì jẹ́wọ́ fún un títí ó fi kú. Mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ọmọ Òkè-Àgbó ni wá. Tíṣà ni bàbá wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé. Ohun tó fẹ́ràn jù nínú ilé ni ère obìnrin kan tí wọ́n fi òkúta mábù funfun gbẹ́. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un. Bàbá máa ń sọ fún àlejò pé àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ gbẹ́ irú rẹ̀, pé àwọn ará Ítálì ló wo tiwọn gbẹ́ èyí, àti pé èyí gan-an ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyàwó Tíṣà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń nù ún.

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Káyọ̀dé, di Mùsùlùmí nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún. Ó sọ fún Bàbá pé ère kò yẹ nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Bàbá kò gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo díbọ́n pé orí ń fọ́ mi, mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan tí Bàbá ti ní òun ò fẹ́ rí lọ́dọ̀ mi ló wá bá mi ní pálọ̀. A ń ṣeré, ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ère náà. Ère náà ṣubú, orí rẹ̀ já, apá rẹ̀ já. Ọkùnrin náà gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Bàbá dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí ère náà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Káyọ̀dé ni, àbí?”

Mo ní, “Mo rí i ní pálọ̀, sà.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé ọkùnrin wọlé tọ̀ mí.

Káyọ̀dé dé láti oko, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Bàbá ní ẹni tó rí i kì í parọ́. Kò dárúkọ mi. Ó da aṣọ Káyọ̀dé síta, ó ní kó máa lọ. Káyọ̀dé lọ sí Abigi, ó ń ṣe bíríkìlà níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí ò jẹ́ kó wọlé. Etí títì ló dúró sí títí a fi sin Bàbá tán. Ọkùnrin tí mo torí rẹ̀ parọ́ kò tilẹ̀ fẹ́ mi.

Ọdọọdún ni mo ń lọ wo Káyọ̀dé. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo pinnu pé n ó sọ ọ́. Mo jókòó tì í. Mo ní, “Káyọ̀dé, mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Àǹtí mi, gbogbo ilé ló kọ̀ mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò kọ̀ mí.”

Mi ò sọ ọ́ mọ́. Ọjọ́ kẹta, ó kú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìlàpòrú ni mò ń gbé, kò jìnnà síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ni kó máa gbé, pé mi ò ní já a kulẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù lánàá.

Ó ní, “Ìyá mi, bàbá mi ò sọ fún wa ohun tí wọ́n ṣe tí Bàbá àgbà fi lé wọn. Bí mo bá dé, ṣé ẹ ó sọ fún mi?”

Mo ní n ó sọ ọ́.

Ẹni tó yẹ kó dárí jì mí ti wà nínú ilẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ náà ò ní ẹbí kankan mọ́ níhìn-ín. Bí mi ò bá sọ ọ́, á máa rò pé bàbá òun ṣe ohun ìtìjú. Sátidé ló ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí fún un?