Igi Tí Apá Ìjọba Kò Ká

Rárá o, Agégi, má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀! Láti àárọ̀ kùtù ni mo ti ń dúró dè ọ́, o gbé ẹ́ńjìnnì ìgégi rẹ dé, o bu epo sí i, o wo igi lókè, o wò ó nísàlẹ̀, inú mi ti ń dùn, àfi bí o ṣe yíjú sí mi tí o ní ìwé àṣẹ dà. Ìwé àṣẹ! Nínú ọgbà tí bàbá mi fi owó ara rẹ̀ rà, lẹ́yìn ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi po sìmẹ́ńtì rẹ̀? Ó dáa. Jókòó sórí àpótí rẹ, kí n sọ irú àwọn ènìyàn tí ò ń bẹ̀rù fún ọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ ń ru búlọ́ọ̀kù máa ń ní odi ni mí. Ṣùgbọ́n èyí ti dé mi lọ́fun, bí n kò bá sọ ọ́, yóò fún mi pa.

Wo ògiri yẹn. Ṣé o rí bí ó ṣe là? Yàrá màámi nìyẹn. Gbòǹgbò igi yìí ti gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ó ti hú sìmẹ́ńtì sókè, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan wà lókè, ìyókù wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Ẹ̀ka kan já lu páànù lọ́jọ́ ìjì, orí ìrọ̀rí ni omi ń kán sí. Ẹ̀ka lásán nìyẹn o! Bí odindi igi bá wá wó ńkọ́, tí ìyá mi wà níbẹ̀ tó ń sùn? Mo ní kó wá sọ́dọ̀ wa, ó ní òun ò lè máa bá ọmọ àti ìyàwó ọmọ pín yàrá. Kí n gbé e ní tipátipá ni?

Ni mo bá lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi ní ọ́fíìsì wọn. Òfin wọn ni pé igi tí apá àgbàlagbà bá ká, kí onílé gé e, kò kàn wọ́n. Èyí tí apá ò bá ká, ó ti di ti ìlú nìyẹn, àfi bó bá ń da ilé láàmú. O ń rẹ́rìn-ín? Dúró ná. Ẹni tí wọ́n rán wá, Alápá-kúkurú ni mo sọ ọ́. Iṣẹ́ ni mo wà, ìyàwó mi ló wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ní ó gbá igi mọ́ra bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ó lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ èèpo, ó nà, ó nà, ọwọ́ ò kanra. Ṣíọ̀! Èmi gbá igi yìí kan náà mọ́ra, ìka mi kanra. Mo sọ fún akọ̀wé wọn, ó ní apá tèmi kì í ṣe apá ìjọba.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Ká ní ó rí ògiri yìí ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n màámi ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Ó gbá gbogbo ẹ̀ka tó já kúrò nílẹ̀. Ó ní kí ìyàwó mi fi kọ́tìnì tó mọ́ bo ibi tí ògiri ti là. Garawa tó ń gbe omi páànù, ó gbé e pamọ́. Àlejò dé, ó gbé àga fún un sábẹ́ igi, ó fún un lómi tútù. Ọ̀gbẹ́ni mu omi tán, ó ní, “Màmá, ṣé igi yìí ń yọ yín lẹ́nu?” Màámi ní, “Kò sí wàhálà kankan, ọmọ mi. A dúpẹ́.”

Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀! A dúpẹ́! Agégi, ta ló tọ́ irú èyí dàgbà? Bí o bá kí àgbàlagbà tí iná ń jó ilé rẹ̀ lọ́wọ́, ṣé a dúpẹ́ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ? Ṣé kò yẹ kó tún un bi, kó ní màmá, ẹ má fi mí ṣe àlejò, kó fọwọ́ kan kọ́tìnì kó ká a? Rárá, ibòji ń tù ú lára. Ó ní igi náà dára, pé ó wu òun kí irú rẹ̀ wà nílé òun. Kó wá gbé e lọ nígbà náà! Kó lọ sùn sábẹ́ rẹ̀ bí ìjì bá ń jà, ọ̀dẹ̀!

Mo padà lọ, akọ̀wé ní ìyá mi ti jẹ́rìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó tún lè béèrè. Ìyá mi jẹ́rìí! Ìkíni ni màámi rò pé òun ń dáhùn! Láti ọjọ́ náà, ó ń sunkún pé òun ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyẹn ni n kò lè dárí jì wọ́n.

Kí lo wí? Wọ́n á gba ẹ́ńjìnnì rẹ? Wọ́n ti gba ti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́? Há. Ó dáa, ó yé mi, mi ò ní ba iṣẹ́ òòjọ́ rẹ jẹ́. Má tan án.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Kí n tó kúrò níwájú akọ̀wé yẹn, mo bi í pé bí mo bá wó yàrá náà ńkọ́, kí n tún un kọ́ sí iwájú ilé níbi tí igi ò dé, ìwé wo ni n ó gbà? Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ilé kò kan àwọn, igi nìkan.

Igi nìkan! Há-há! Jẹ́ kí n rín in, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n rín in dáadáa! Igi ní agbèjà, yàrá ìyá mi ò ní!

Ó yá, dìde. Gbé ẹ́ńjìnnì rẹ sápá kan. Òòlù ńlá méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mú ọ̀kan, kí n mú ọ̀kan. Màámi! Màámi o! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa bọ̀ níta. Yàrá yín la fẹ́ wó, kí ara lè tu igi ìjọba!