Omi Ni Pásítọ̀ Ní Ká Kọ́kọ́ Dà Sí I

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe ọwọ́ ara ẹni. Èmi ni, Màmá Gbénga. Ọ̀rọ̀ taya mọ́tò ni mo wá fi jẹ́rìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n parí rẹ̀ ná.

Gbogbo yín lẹ mọ Gbénga ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Òun ló jókòó sẹ́yìn pílà yẹn tó ń wolẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kì í mutí, kì í jà. Mọ́tò ni tiẹ̀. Mọ́tò pupa tó ń gbé wa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ló fi ń lọ díje n'Ílọrin. Wọ́n á to mọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jáwé olúborí. Kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti sá a tán.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní taya òun kì í di ilẹ̀ mú dáadáa tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n máa lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá taya eré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ taya la fi ń jẹun alẹ́. Oríṣi méjì ló wà, ó ní. Ọ̀kan ò ní ìlà kankan lójú, ó dán gbinrin, wọn kì í wà á lójú títì rárá. Èkejì ní ìlà díẹ̀, ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń tà á ní èèyàn lè wà á lọ síbi iṣẹ́. Èkejì yẹn ló mú, méjì, ó fi wọ́n sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò. Mo yìn ín, mo ní ọmọ mi gbọ́n.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Bọ́láńlé ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù márùn-ún, Òdò-Ọwá ló sì ti ń ṣe tíṣà. Gbénga ló ń gbé e lọ láràárọ̀, ẹ sì mọ ọ̀nà yẹn nígbà òjò. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá ra ìgò òróró kan, mo ní kí Gbénga gbé mọ́tò wá síbí kí Bàbá Pásítọ̀ fi òróró sí taya náà.

Ẹ mọ̀ pé kí Pásítọ̀ tó gba ìpè, lọ́ọ̀rì ni wọ́n ń wà, iṣu Erúkù ni wọ́n ń kó. Wọ́n kúnlẹ̀ ti taya. Mo ti dijú, mo rò pé àdúrà ni. Àṣé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń pa á lójú. Wọ́n dìde, wọ́n ní ká bu omi wá. Mo ní òróró ni mo gbé wá, sà. Wọ́n ní omi ni ká kọ́kọ́ bù.

A da korobá márùn-ún sórí sìmẹ́ńtì tó dagẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì yẹn. Pásítọ̀ wọ mọ́tò, wọ́n ní kí Gbénga rọra gùn ún. Háà! Taya ń yí, mọ́tò ò lọ. Ìdí rẹ̀ ń yọ̀, ó yọ̀ títí ó fi ki ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bọ gọ́tà. Bẹ́ẹ̀, èmi fi sílípáàsì rìn kọjá níbẹ̀, n ò yọ̀.

Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi òróró kan ọmọ mi níwájú orí.

"Ọmọ mi, éè ṣe taya ló nílò òróró yí o. Orí ẹni tó yàn án ni."

Wọ́n bá yíjú, wọ́n fi kan èmi náà níwájú orí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, èmi wá fẹ́ fi àdúrà bo ohun tó yẹ kí n fi ojú wò.

Wọ́n ṣàlàyé pé taya náà ò burú, ọba ni lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó gbóná. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, ìlà rẹ̀ ò jìn tó láti lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí Gbénga máa gbé e sí búùtù lọ sí Ìlọrin, kó pa á dà níbẹ̀. Kó fi èyí tí ìlà rẹ̀ jìn rìn nílé. Gbénga wú fún ọjọ́ méjì, kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró sípánà lẹ́yìnkùlé. Mo gún iyán fún un.

Ọjọ́ Fúráìdé ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò ń rọ̀. Bọ́láńlé jókòó síwájú, èmi náà wà lẹ́yìn nínú mọ́tò. A ti kọjá Ìlọfà, a yí kọ́nà kan báyìí, lọ́ọ̀rì oníṣu kan ti bàjẹ́ gbalaja sójú ọ̀nà. Gbénga tẹ bíréèkì. Mo kígbe Jésù, kí n tó pè é tán, mọ́tò ti dúró. Àyè tó kù láàárín wa àti lọ́ọ̀rì, ewúrẹ́ kan ló lè gba ibẹ̀.

Gbénga bọ́ sínú òjò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa taya ẹ̀yìn lójú bíi ti Pásítọ̀. Ó wá ṣílẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn lé e níkùn, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí.

Ó ṣì ń díje o. Taya eré ń jókòó ní búùtù bí àlejò. Ìró funfun ni Bọ́láńlé ró lọ́jọ́ náà, ó fọ̀ ọ́ títí, àmì ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ò kúrò tán. Ó ní òun ò ní sọ ọ́ nù. Ìró náà ni mo fi pọn ọmọ wọn wá síbí. Ẹni tó bá ń dúpẹ́, kó bá mi pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, n ó kẹ̀yìn sí yín kẹ́ ẹ lè rí i: ọmọ rèé, ọwọ́ bàbá rẹ̀ rèé.