Ọgbà Tí Wọ́n Tì Pa

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ifangni, níbi tí a ti ń dúró kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá kan àti ọmọbìnrin tó jókòó tì í.

“Dókítà ní kí n máa rìn lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́.”

“Ọgbà tuntun ẹ̀gbẹ́ ọjà ńkọ́, màmá?”

“Wọ́n tì í pa. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ẹni ńlá bá ti Kútọnu wá ṣí i.”

“Kò wá sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́?”

“Ewúrẹ́ gádíẹ̀n tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni. Wọ́n á jẹ koríko yó, wọ́n á nà gbalaja lábẹ́ igi. Ìgbà wo lo gbọ́ pé ewúrẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kàn mí, dókítà ní kí èmi náà máa rìn lábẹ́ igi. Àwọn ewúrẹ́ yẹn ni mo ń jowú títí mo fi délé.