Mo Fi Táíwò Dípò Kẹ́hìndé Nínú Fótò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ọkọ mi ò mọ̀ nípa ẹ̀. Pásítọ̀ mi ò mọ̀. Mo rò pé mo máa gbé e wọ sàréè ni, àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sọ gbólóhùn kan tí ara mi fi kú. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì gbé kámẹ́rà sójú.

Onífótò ni mí. Boundary ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé ẹnu mi mú, pé mi ò sì kì í gbà fún èèyàn. Òótọ́ ni. Amúkòkò ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń lo kámẹ́rà àtijọ́, èyí tí èèyàn máa ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì rẹ̀ títí ojú ẹni tó fẹ́ yà á fi mọ́ kedere. Bí mo ṣe ṣe fúríìdọ̀mù tán, mo ní èmi ò ní máa fọwọ́ yí nǹkan kan.

Ní 1988, ọkùnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù pè mí wá sí Liverpool Road ní Àpápá, ó fi kámẹ́rà kan hàn mí. Ó ní ọmọ inú ọkọ̀ òkun kan ló tà á fún òun. Ọ̀tọ́mátíìkì ni, irú èyí tí àwọn onífótò ńlá ń lò. Bí o bá ti kọjú rẹ̀ sí èèyàn, tí o rọra tẹ bọ́tìnnì, lẹ́ńsì náà á máa yí ara rẹ̀, á dún wíì, á sì dá dúró níbi tí àwòrán ti mọ́. Ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, this one sabi the work pass you." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rà á.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí nìyẹn. Mo kọ ọ́ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pé kámẹ́rà tèmi kì í ṣì í yà. Mo lọ fi han ọ̀gá mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n máa fi ojú ara mi wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó wá ya fótò. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìlara ló ń ṣe bàbá yìí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Ìyá Ìbejì wá. Aránṣọ ni, ní Amúkòkò. Wáàfù ni ọkọ rẹ̀ ti ń ru ẹrù. Ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání, Táíwò àti Kẹ́hìndé, obìnrin làwọn méjèèjì, ọmọ ọdún márùn-ún. Wọn ò tíì ya fótò rí láyé wọn. Ó rán aṣọ kan náà fún wọn, aláwọ̀ ewé. Ọmọláńgidi kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì ń jà sí i.

Mo ní kí wọ́n jókòó sórí àga gígùn, mo fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn kí ó lè rẹwà. Ẹ̀yìn wọn ni kọ́tìnnì mi wà, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í dún wíì, wíì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó pẹ́ kó tó dúró. Bó ṣe dúró, mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà wọ́n léraléra. Ó sú Kẹ́hìndé. Ó gbé ọmọláńgidi fún Táíwò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Táíwò sún sáàárín àga. Kíá ni kámẹ́rà dúró, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀. Inú bí mi pé mo fi fíìmù ṣòfò. Mo pariwo mọ́ Kẹ́hìndé pé kó padà wá jókòó.

Nígbà tí fótò dé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ní Àpápá, ẹnu mi ò lè padé. Òdòdó ara kọ́tìnnì mọ́ kedere, bí ẹni pé kí èèyàn já a. Àwọn ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ rí bàìbàì bí ẹni tó wà nínú èéfín. Àṣé àárín ni kámẹ́rà yẹn máa ń wò. Àyè tí mo fi sáàárín àwọn ọmọ ló wò kọjá, tó lọ mú kọ́tìnnì. Gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́, àfi ẹyọ kan tí Táíwò nìkan wà nínú ẹ̀. Ìyẹn dáa gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ká ní mo ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ yẹn pé fótò bàjẹ́, kó mú àwọn ọmọ padà wá, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ojú ló tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kámẹ́rà tí kì í ṣì í yà ti ṣì í yà? Nígbà tó wá, mo parọ́ pé ẹ̀rọ àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ló dẹnu kọlẹ̀. Ó tún wá, mo ní wọn ò ní iná. Mo gbé kámẹ́rà lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó tú u, ó tò ó padà, ó ní nǹkan kan ò ṣe é. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò.

Nígbà tó yá, mi ò rí Ìyá Ìbejì mọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo rò pé ó ti gbàgbé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé, òun nìkan, ó wọ aṣọ dúdú. Ó ní èéyi ló mú Kẹ́hìndé, pé ó ti padà lẹ́yìn òun. Ó ní, "Àǹtí Fótò, mo dúpẹ́ pé ẹ ti yà á. Ẹ̀yin nìkan lojú ọmọ mi kù sí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ̀ ọ́."

Háà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí lẹ̀ bá ṣe?

Ohun kan wà tí àwa onífótò máa ń ṣe tipẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ láìya fótò, a máa ń ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ká so ó pọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jókòó. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí àwọn òbí ló ń bẹ̀ wá, wọ́n sì mọ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo rí ìyá kan tó ń bẹ èyí tó kù pé kó jọ̀ọ́, kó yá ìkejì ẹ̀ lójú. Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Èmi ṣe é ní bòókẹ́lẹ́, mo sì fi irọ́ lé e.

Mo ní kí àwọn tó ń fọ fótò tẹ ti Táíwò yẹn ní méjì, kí wọ́n yí ọ̀kan sódì. Mo gé wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ra, mo yá kámẹ́rà ọ̀gá mi láti fi yà wọ́n pọ̀, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé tèmi mọ́. Gbogbo èyí tó rí bàìbàì, àtòun àti nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀, mo dáná sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Mo fi fótò lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́. Mo ní, "Táíwò rèé, Kẹ́hìndé rèé." Ó ní òun ò rántí pé ọmọláńgidi pé méjì lọ́jọ́ náà. Mo ní mo yá Kẹ́hìndé ní ti ṣọ́ọ̀bù ni. Ó gbà. Ó ń fi ìka pa ojú èyí tí mo pè ní Kẹ́hìndé, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ń gbàdúrà pé mi ò ní fojú sunkún ọmọ. Mo sì ń ṣe àmín. Ẹ ò rí i bí mo ṣe burú tó, mo ń ṣe àmín!

Láti ìgbà yẹn, bó bá ti se ẹ̀wà ìbejì, ó máa ń bu díẹ̀ síwájú fótò náà, á ní kí Táíwò kí ìkejì ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún mi. Ó ń fi mí yangàn fáwọn oníbàárà ẹ̀, ó ń rán wọn sí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé fótò náà wá. Àwọ̀ ẹ̀ ti ń ṣí. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ di ńlá, òun fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri. Mo ní kò burú. Ó ní òun fẹ́ sáré ra òwú, kí Táíwò dúró de òun lọ́dọ̀ mi. Táíwò ti di ọmọge. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń wo fótò náà lórí tábìlì. Ó wá ní, "Àǹtí, ọmọláńgidi kan ṣoṣo ló wà níbí lọ́jọ́ yẹn."

Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Ó fi ìka kan ọmọ tó wà lápá ọ̀tún, ó fi kan ti òsì. Ó ní, "Èmi nìyí. Èmi náà nìyí. Kẹ́hìndé gbé e fún mi kó tó lọ mu omi. Ẹ pariwo mọ́ ọn."

Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti kékeré. Ó ní gbogbo ìgbà tí màmá òun bá ní kóun kí Kẹ́hìndé, ara òun lòun ń kí, òun ò sì lè sọ ọ́, torí fótò yẹn ni màmá òun ń wò kó tó lè sùn.

Ó bi mí bóyá kò sí ẹyọ kan péré tí Kẹ́hìndé wà nínú ẹ̀. Mo ní ó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti bàjẹ́, ojú ẹ̀ ò hàn. Mo rò pé ìyẹn á pa á lẹ́nu mọ́. Ńṣe lojú ẹ̀ tàn. Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Bó ti wù kó bàjẹ́ tó, màá dá a mọ̀. Ẹ ṣáà fún mi."

Mo ní mo ti sun ún.

Kò sunkún. Ìyá ẹ̀ wọlé, ó bi mí bóyá mo máa lè ṣe é kó dáa. Táíwò ló dìde, ó gba òwú lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Màmá, Àǹtí ní ó máa dáa gan-an."

Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Mi ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Bí mo bá sọ òótọ́, Ìyá Ìbejì á pàdánù Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kejì, láti ọwọ́ tèmi. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lá máa bá mi ru irọ́ mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì ní pàtàkì, ká ní ẹ̀yin lẹ ni fótò yẹn, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n sọ fún yín?