Òkúta Ni Mo Kọ́kọ́ Gbé

Ẹ sinmi àtẹ́wọ́! Ẹ̀yin ará Savè tí ẹ ń pè mí ní Baba Kámẹ́rà, tí ẹ ń dìde fún mi bí ẹni pé ọba ló wọlé, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́. Èmi Félix Oyèníyì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo purọ́ fún yín. Irọ́ náà ti wú nínú mi bí ẹ̀wà tí a rẹ. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ikùn mi á bẹ́.

Ẹ mọ̀ pé n kò fẹ́ràn awakọ̀ burúkú. Kí ni mo wí? Mo kórìíra wọn! Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi sí wọn. Ẹni tó ń sáré àsápajúdé kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń fi ọwọ́ kan wa kàmíọ́nù, tó ń fi èkejì jẹ àgbàdo, ẹranko ni! Ìdí nìyẹn tí mo fi ra kámẹ́rà kékeré tó ń jókòó síwájú mọ́tò, tí mò ń gba àwòrán fídíò ìwà wọn, tí mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ̀yin igba èèyàn ó lé ń pariwo: "Baba, ẹ nà wọ́n!" Mo ń nà wọ́n. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sá iṣu èlùbọ́ sórí títì ọ̀dà Parakou, níbi tó ti yí ká àpáta, níwájú ilé mi? Gbogbo ayé ló ń sá a, mo mọ̀. Ọ̀dà gbóná, iṣu á tètè gbẹ. Ta ló wá to òkúta ńláńlá yí iṣu tirẹ̀ ká títí dé àárín títì, kí mọ́tò má baà tẹ̀ ẹ́? Àyìnkẹ́ ìyàwó mi ní, "Baba Fréjus, òkúta yìí á pa èèyàn o." Mo ní, "Ẹni tó bá ń rọra wakọ̀, kí ni òkúta á fi í ṣe?" Ẹ ò rí ẹnu olùkọ́!

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti ọjà dé, n kò tíì pa mọ́tò, kámẹ́rà ṣì ń wo títì. Latifou, awakọ̀ kàmíọ́nù, yọ. Ó ń rọra bọ̀. Mo tún un sọ: ó ń rọra bọ̀! Ó bá òkúta lójijì, ó yà fún un, ó sì kọ lu alùpùpù zẹ́mì akérò tó ń bọ̀ níwájú. Ẹni tó wà á fò sínú koríko. Moufidatou tó gbé sẹ́yìn, tó ń lọ ta kájú, ló ṣubú sórí ọ̀dà, alùpùpù sì wó lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ké: "Baba, ẹ gbà mí! Baba, ẹsẹ̀ mi!" Mo sáré. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin sáré bí ọmọ ọ̀yà! Mo sáré kọjá lára rẹ̀. Òkúta ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo ju ọ̀kan sínú kòtò, mo padà wá gbé èkejì, mo fẹsẹ̀ dá obìnrin náà kọjá láti gbé ẹ̀kẹta. Òkúta méje! Latifou kọ ẹ̀yìn sí mi, òun ló ń gbé alùpùpù kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Latifou ní òkúta ló mú òun yà. Wọ́n wò, wọn ò rí òkúta.

Mo gé ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán náà dànù, mo gé ìparí rẹ̀, mo fi ìyókù ránṣẹ́ sí yín: "Ẹ wo apànìyàn!" Wọ́n ti Latifou mọ́lé. Nafissatou ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi: "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bóyá òkúta tó ń wí wà níbẹ̀." Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí nǹkan níbẹ̀. Máa gbàdúrà." Máa gbàdúrà! Ẹ gbá mi létí!

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo ra ọsàn lọ kí Moufidatou nílé ìwòsàn, kí àwọn èèyàn lè rí mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó pariwo fún gbogbo yàrá: "Baba yìí ló ń kó òkúta kúrò lójú títì lọ́jọ́ náà, kí mọ́tò mìíràn má baà yà wá tẹ̀ mí! Ọlọ́run á san án fún yín." Kò sí ọlọ́pàá kankan tó tíì bi í léèrè ohun tó rí, àwòrán tèmi ti tó wọn. Ó ń ṣàdúrà fún mi! N kò lè jókòó. Komisaríà ọlọ́pàá ni mo gbà lọ, mo gbé gbogbo àwòrán náà lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n tú Latifou sílẹ̀ láàárọ̀ àná, wọ́n sì dá ọjọ́ ẹjọ́ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ dìde, baba. Ọmọ mi kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn nígbà tí n kò sí nílé. Ṣé ẹ lè dá ìyẹn padà?" N kò lè dá a padà.

Mo padà sọ́dọ̀ Moufidatou, mo fi àwòrán hàn án. Kò ṣépè. Ó kàn bi mí pé, "Baba, nígbà tí mò ń pè yín, ṣé ẹ ń gbọ́?" Mo ní mò ń gbọ́. Ó kọjú sí ògiri.

Latifou, Nafissatou, Moufidatou, mo tọrọ àforíjì. Bí ẹ kò bá fún mi, ẹ kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ WhatsApp wa tí ẹ gbọ́ lánàá, tí ẹ ní kí n má sọ ọ́ síta kí n má baà ba orúkọ wa jẹ́, ẹ pa ẹnu mọ́! Gbogbo àwòrán náà ló tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wò ó tán. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè, kí ẹ gbọ́ bí Moufidatou ṣe ń pè mí.