Láfún Tí Wọ́n Fi Ń Nà Wá ní Ifọ̀

Nígbà tí orúnkún mi kò tíì máa ké bí mo bá fẹ́ dìde… ẹ jókòó, ẹ jókòó. Àlàbá, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. O ti Ìbógún dé láti àná, ojú rẹ ṣú bí ọjọ́ òjò. O ní líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yín ní yunifásítì kò dọ́gba, pé àwọn kan ń gbá nílé ṣáá, ẹ̀yin ń rìnrìn àjò ṣáá. O rò pé ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ jẹ?

Ẹ gbọ́. Láyé ìgbà tí Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ilé ìwé mẹ́ta ló ń bá ara wọn díje lágbègbè yìí: Mówè, Ìbàfò, Ifọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràfíù, ni kápútẹ́nì Mówè. Èmi? Èmi ni olùpariwo. Bí ohùn mi bá ti há, ìyá wa á mọ ibi tí mo lọ.

Ìparí ìdíje, Ifọ̀ ni, lọ́dọọdún. Kí nìdí? Reluwé ń dúró níbẹ̀, àwọn ọ̀gá lè wá wòran. Àwa ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni mọ́tò wa. A ó gba Ọ̀fàdà, a ó máa rìn, a ó máa rìn…

Ṣùgbọ́n ìrìn kọ́ ló ń pa wá. Láfún ni! Àwọn ìyá Ifọ̀ á ti dúró níwájú ilé ìwé. Ìyá Sàrátù ló ń ṣáájú wọn. Ọmọ rẹ̀, Múfú, ni gólì tó ń ṣọ́lé fún Ifọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ wá jẹun."

"Ẹ ṣé, mà. A ti yó."

"Yó kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ rìn láti Mówè? Àbí ọbẹ̀ mi ló kan?"

Wọn á jókòó. Láyé ọjọ́un, ta ló ń kọ oúnjẹ àgbà? Láfún funfun, ọbẹ̀ ilá tó ń yọ̀, ẹja ńlá. "Òkèlè kan sí i, nítorí tèmi." Nígbà tí fèrè bá máa fi dún, àwọn ọmọ Mówè ti ń wá ibòji. Àwọn ọmọ Ifọ̀ tí kò fẹnu kan nǹkan á máa fò bí ẹtu.

Lọ́dún tí Ràfíù máa jáde ìwé mẹ́fà, ọ̀gá télọ̀ tó máa kọ́ ọ níṣẹ́ ti ń retí rẹ̀ l'Ékòó. Ràfíù kò sì tíì gba ife ìdíje náà rí. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó káwọ́ gbera.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé?"

"Tí mo bá tún jẹ láfún yẹn, tèmi parí nìyẹn."

"Ẹ má jẹ ẹ́ nígbà náà."

"Kí wọ́n máa wí pé ọmọ Mówè ò lẹ́kọ̀ọ́? Ìyá wa á pa mí!"

Tíṣà wa fẹjọ́ sùn ní ìpàdé ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tíṣà Ifọ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ gbà mí o! A bọ́ àlejò yó, àlejò ní a rẹ́ òun jẹ. Ṣé kí á febi pa yín ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Tíṣà wa wálé, ó wá rojọ́ fún ìyá àgbà wa.

Ìyá àgbà ń jẹ ẹran lọ́wọ́. Ó tu eegun dànù.

"Àwọn onílé ò bá wọn jẹ ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Nílé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Onílé ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè, kí ọkàn àlejò tó balẹ̀. Ràfíù, sọ fún wọn pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ pé. Ràfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Sàrátù.

"Ẹ ṣé, ìyá wa. Ìyá àgbà wa ní kí á kí yín. Wọ́n ní kí onílé kọ́kọ́ bu òkèlè, ká jọ jẹ ẹ́."

Ìyá Sàrátù wo abọ́. Ó wo Múfú. Múfú ń fà sẹ́yìn…

"Mà, èmi ò lè—"

"Jókòó! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo fi májèlé sí i ni?"

Háà! Ọmọ Ifọ̀, ọmọ Mówè, gbogbo wọn yí abọ́ ká, ojú ń ṣọ́ ojú. "Òkèlè rẹ kéré!" "Tìrẹ dà?" "Bọ̀dá gólì, ẹ bu ẹja sí i!"

Ẹ ò rí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn ń yí gbirigbiri bí pẹ́pẹ́yẹ tó yó. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ife sì dúró sí Ifọ̀, torí ọwọ́ wọn ló wà tẹ́lẹ̀. Òfin nìyẹn.

Mo sunkún títí dé Ọ̀fàdà. Ràfíù ò sunkún.

"Panu mọ́," ó ní. "Ohun tó wà níkùn mi ló wà níkùn wọn lónìí. Ṣé wọ́n nà mí?"

Ó lọ s'Ékòó lọ́sẹ̀ náà. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó Múfú nígbẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì ti lọ… kí Ọlọ́run foríjì wọ́n.

Lónìí, mo ń wo bọ́ọ̀lù yín nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ kan wọ bàálù, èkejì ò rí bọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí wọ́n jọ díje. Hùn. Àlàbá, tí o bá padà sí Ìbógún, má wulẹ̀ bínú. Ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bá yín jẹ nínú abọ́ tí wọ́n ń gbé síwájú yín. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó láyé ìsinsìnyí?

Ó dáa. Ẹ gbé láfún yẹn wá, ebi ń pa yín. Ẹ mú ọwọ́ kúrò ná… èmi ni onílé. Èmi ni n óò kọ́kọ́ bù ú.