Ọgọ́ta Àlẹ̀mọ́ Inú Kúlà

Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tá a jọ ń wakọ̀, ẹ sọ àwòrán mi tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri yẹn kalẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́jọ. Òní ni òtítọ́ bá a.

Ẹ mọ àlẹ̀mọ́ tó máa ń wà lára páálí oògùn àtọ̀gbẹ tá à ń kó. Kì í ṣe bébà lásán. Ó ń wọn ooru àti òtútù, ó sì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì títí wọ́n á fi yọ ọ́ ní sítọ́ọ̀. Àwa awakọ̀ sọ ọ́ ní Olófòófó, torí olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Bí oògùn bá ti gbóná, dídànù ni. Ilé iṣẹ́ ò sì fẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò. Awakọ̀ tí páálí rẹ̀ kò bàjẹ́ rí, orúkọ rẹ̀ ló ń wà lókè pátákó ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni tèmi fi wà níbẹ̀. Mo máa ń dúró wò ó láràárọ̀ kí n tó mu tíì, èmi agbéraga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ amútùtù ọkọ̀ mi dákẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì ku wákàtí márùn-ún kí n débi tí mò ń lọ. Ó yẹ kí n pe ọ́fíìsì. Èmi aláìlójútì yìí ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo bó àlẹ̀mọ́ kúrò lára ọgọ́ta páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú kúlà omi tútù tí mo máa ń gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Àlẹ̀mọ́ ń gbádùn òtútù níwájú, oògùn ń hó lẹ́yìn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n dé, mo páàkì, mo nù wọ́n, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n padà.

Obìnrin tó ń gba ẹrù ní sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ wa níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Onígíláàsì, gbọ́wọ́ lé páálí àkọ́kọ́. Ó ní, "Bàbá, páálí yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́, àlẹ̀mọ́ ara ẹ̀ wá tutù, ó tún lómi lára. Kí ló dé?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ọ́. Ìwọ àti kọ̀ǹpútà, ta ló mọ̀wé jù?" Àwọn tó ń já ẹrù bá mi rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ó sì fọwọ́ síwèé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó ń gba oògùn náà lábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lulẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ṣúgà ò wálẹ̀. Tíṣà kan kú, ó fi ọkọ àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Oògùn tí mo jẹ́ kó bàjẹ́ ló pa á, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbọ́.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òtútù ò yẹ̀ rárá nínú ọkọ̀ mi, ni wọ́n bá ní Àǹtí Onígíláàsì ló ṣí fíríìjì sítọ́ọ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé páálí yẹn gbóná. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Mi ò rántí." Ẹ ò ríkà? Wọ́n lé e bí ẹni lé ajá. Àwọn èèyàn ń pè é ní apànìyàn lójú pópó. Èmi délé, mo jẹun, mo yó, mo sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ilé rẹ̀ lọ kí n lè bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kò ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló ti dá mi lóhùn: "Bàbá, ẹnu ọ̀nà mi kọ́ lẹ ti purọ́ mọ́ mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ tàkọ́kọ́." Yàrá yìí ni. Ẹ̀gbẹ́ àga tí ọ̀gá jókòó lé yẹn ló kúnlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ọmọdé inú awakọ̀, bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ pariwo síta, kí wọ́n da gbogbo ẹrù nù, kí wọ́n sì bú yín títí á fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Èébú ò pààyàn. Ọkọ tíṣà wà níta, èmi ni mo ní kó wá. Mi ò lẹ́nu tí mo máa fi ní kó foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀gá ni mò ń bẹ̀: ẹ kọ́kọ́ dá orúkọ rere obìnrin yẹn padà fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe tèmi bó bá ṣe wù yín.